Onígbáméjì (kọ́lẹ́rà) ti wọ ilé wa ní Kétu: yàrá mẹ́wàá, ṣálángá kan, kànga kan. Kí ni kí n ṣe kí Iléyá tó dé?

Ìyá Ìbejì Kétu | Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà 2024, aago 5:40 ìdájí

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mi ò tíì fojú ba oorun láti àná. Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́fà kan jáde nínú yàrá kẹta sí tiwa. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń yàgbẹ́, tó ń bì. Ìgbẹ́ náà rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú. Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé onígbáméjì ni.

Bí ilé wa ṣe rí rèé: yàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Ṣálángá kan ló wà lẹ́yìnkùlé, kànga kan náà wà níbẹ̀. Mo mú tọ́ọ̀ṣì lóru yìí, mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín wọn: ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Omi inú ọ̀rá là ń mu, ṣùgbọ́n omi kànga yìí la fi ń fọ abọ́, tí a fi ń wẹ ọmọ, òun náà ni ìyá ọkọ mi fi ń rẹ gàrí lọ́sàn-án, àwọn ọmọ sì máa ń bá a jẹ ẹ́. Ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ mẹ́sàn-án.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Àgbò méjì ti wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé, àlejò ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi ní kí n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn lónìí. Ṣé kí n lọ? Bí mi ò bá lọ, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Arẹwà Mushin | 5:58

Ẹ kó wọn lọ kíá! Kí lẹ tún ń dúró ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá | 6:20

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ọdún kejìdínlógún mi rèé nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti dúró ti ibùsùn onígbáméjì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọ ọkọ̀.

Àrùn yìí lè fara hàn láàárín wákàtí méjìlá tó bá wọ ara, ó sì lè tó ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ tó ní in kì í tilẹ̀ mọ̀, ara wọn á dá ṣáká, ṣùgbọ́n á máa bá ìgbẹ́ wọn jáde. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ lónìí, tí ọ̀kan nínú ìbejì wá bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ ní Ògèrè, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Iléyá, níbo lẹ ó ti rí omi? Ìyá yín ní Ìbàdàn náà ń pọn omi kànga. Ẹ má gbé e lọ bá wọn.

Ohun tó ń pa ènìyàn nínú onígbáméjì ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ àti èébì jáde lára. Ọmọdé lè gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tí a bá tètè dá omi ara rẹ̀ padà, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ẹni tó ń kú kì í pé ẹyọ kan. Nítorí náà ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi láti dá omi ara padà, ni kí ẹ rà láàárọ̀ yìí kí ara ẹnikẹ́ni tó yí padà. Ẹ ra púpọ̀. Àrùn yìí lè bẹ̀rẹ̀ lóru, gbogbo kẹ́míìsì á sì ti tì.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, gàrí tí màmá ń rẹ ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ sọ fún wọn tìfẹ́tìfẹ́ pé omi tó ti hó tó sì ti tutù nìkan ni kí wọ́n fi rẹ ẹ́. Abọ́ tí ẹ fi omi kànga fọ̀, ẹ fi omi híhó ṣan án gbẹ̀yìn. Omi tí àwọn ọmọ fi ń fọ eyín náà ńkọ́? Àwọn ọmọdé máa ń gbé e mì.

Ẹ má jẹ́ kí gáàsì dẹ́rù bà yín. Omi tó bá ti hó tó ń ru gùdù fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ti tó. Àwọn kan á fi í sórí iná fún ogún ìṣẹ́jú, gáàsì á tán, tó bá di ọjọ́ kẹta wọ́n á jáwọ́. Tó bá ti tutù, inú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró ni kí ẹ dà á sí. Tó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọmọ á ti ife bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á kan omi, gbogbo wàhálà yín á sì di asán.

Ìyá Ìbejì Kétu | 7:05

Ẹ ṣeun gan-an ma. Mo ti sọ fún ọkọ mi, ó ní kí a dúró. Mo lọ sí kẹ́míìsì méjì, ORS ti tán níbẹ̀. Ṣé ti iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n máa ń polówó lórí rédíò nígbà tí a wà lọ́mọdé ṣì ń ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá | 7:12

Ó ń ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi rí ORS. Omi lítà kan: ọ̀rá omi 50cl méjì gan-an nìyẹn. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ fi ọ̀bẹ há orí ṣíbí náà kó tẹ́jú, kó má ga. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí tó bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ léṣe. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá ti pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn.

Tí ẹ bá rí ORS gan-an, ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ mọ iye omi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ti lítà kan, kì í ṣe gbogbo wọn. Mo ti rí ìyá tó po odindi ọ̀rá sínú ife kan.

Ọmọ Eléwé Ọmọ | 8:30

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní tiwa, tí inú bá ti ń ṣe wúruwùru, Flagyl méjì-méjì ni gbogbo ilé máa ń lò, a ó sì fi àgbo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹ fún àwọn ọmọ ní Flagyl láti ìsinsìnyí kó lè ṣọ́ inú wọn. Ìyẹn kò ní pa wọ́n lára.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá | 9:02

Ẹ jọ̀ọ́ ma, rárá. Flagyl kì í ṣe oògùn onígbáméjì. Àwọn oògùn apakòkòrò tí dókítà ń lò fún un wà, ẹni tó le lára rẹ̀ ni wọ́n sì ń fún. Oògùn tó ń dí ìgbẹ́ pa náà kò dára nínú ọ̀ràn yìí, ẹ má fún ọmọ rárá. Ní ti àgbo, omi wo ni wọ́n fi rẹ ẹ́? Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ìyá nìyẹn. Mi ò bá àgbo jà, ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi àgbo dá dúró sílé fún wákàtí mẹ́fà, wákàtí mẹ́fà tí kò yẹ kí wọ́n fi ṣòfò.

Bàbá Ọ̀ṣun | 11:45

Mo ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ, mo sì ní láti gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè kọ èyí.

Ní 1991, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ọdún yẹn, onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ń tọrọ omi. Gbogbo àgbà tó wà nílé ní kí a má fún un, pé èyí tó bá mu ni yóò tún yà jáde, pé kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ ná. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó tì í. Mo ń wò ó bó ṣe ń lá ètè. Ìkòkò omi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí ibi tí mo jókòó sí. Kò rí òwúrọ̀.

Wọn kì í ṣe ìkà. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà dọ́kàn. Ohun tí àwọn tó bí wọn sọ fún wọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Ìyá ìyá mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní onígbáméjì: igbá kan níwájú aláìsàn fún èébì, igbá kan lẹ́yìn fún ìgbẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé igbá kẹta ló yẹ kó wà níbẹ̀, igbá omi.

Ìyá Ìbejì, ẹ bá ìyá ọkọ yín sọ ọ́ lónìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa omi àti ọmọ tó ń yàgbẹ́. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ kò ní sí nílé, tí àwọn nìkan yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ìyá Ìbejì Kétu | 1:20 ọ̀sán

Bàbá, Ọlọ́run á tu yín nínú. Mo bi wọ́n léèrè báyìí. Ohun kan náà ni wọ́n sọ: "kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ." Mo ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí n kọ́ wọn bí a ṣe ń po omi náà. A ti jọ pò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò mọ̀wé, nítorí náà wọ́n fi ìlà èédú mẹ́fà sára ògiri fún ṣúgà, ìdajì ìlà fún iyọ̀.

Agbẹ́kànga Ìkòròdú | 4:10

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kànga ni mo ń ṣe láti nǹkan bí ogún ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìṣísẹ̀ mọ́kànlá yẹn.

Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá kò ju mítà mẹ́jọ lọ. Ọgbọ̀n mítà ni wọ́n kọ́ wa pé kó wà láàárín kànga àti ṣálángá, ó kéré tán, kí kànga sì wà ní apá òkè. Nínú oṣù kẹfà yìí, omi abẹ́ ilẹ̀ ti ga. Ibi tí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, ohun tó wà nínú ṣálángá ń rìn lọ bá kànga lábẹ́ ilẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Omi náà á mọ́ gaara lójú. Kò ní òórùn. Ẹ má fi ojú dán omi wò.

Àwọn kan á ní kí ẹ da álọ́ọ̀mù sí i. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí wálẹ̀ ni, kò pa kòkòrò. Àwọn kan á ní kí ẹ da kiloríìnì sínú kànga. Ó ń pa á lóòótọ́, èmi náà máa ń ṣe é fún àwọn oníbàárà mi, ṣùgbọ́n kànga tí ṣálángá ń jò sí, láàárín ọjọ́ díẹ̀ kòkòrò tuntun á tún ti wọlé. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti pa á, kì í ṣe inú kànga. Oògùn omi oníhóró wà ní kẹ́míìsì ńlá. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ nípa iye omi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún.

Ọ̀nà ti oòrùn náà wà, tí wọ́n ń gbé omi inú ike mímọ́ gaara sí inú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Ó dára ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú òjò Èkó yìí, ẹ má gbára lé e.

Òmíràn: dòrò (gúgà tí a fi ń fa omi) kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilé máa lò, kó máa rọ̀ sókè, kó má fara kan ilẹ̀. Nílé yín báyìí, mo lè búra pé yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní gúgà tirẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ṣálángá ni wọ́n sì ń gbé e sí.

Ọmọ Ìkòròdú ní Peckham | 9:50 alẹ́

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, màmá mi wà ní Ìkòròdú. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀ níbi iṣẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀.

Agbẹ́kànga, ohun tí ẹ sọ yẹn ti ṣẹlẹ̀ níbí rí. Ní 1854, onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ní àdúgbò Soho ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow ló tọpa ikú lọ láti ilé dé ilé títí ó fi rí i pé ẹ̀rọ omi òpópónà Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó hú ilẹ̀, wọ́n wá rí i pé kòtò ìgbẹ́ ilé kan ti jò wọ inú kànga náà. Ọmọ ọwọ́ kan nínú ilé yẹn ló ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ fọ aṣọ ìdí rẹ̀, ó da omi rẹ̀ sínú kòtò. Ìyá kan tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ni. Kò ṣe ohun tí ìyá mìíràn kò ní ṣe.

Mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sílé lọ́la. Kí ni kí n ní kí wọ́n rà?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá | 10:25 alẹ́

ORS, ọṣẹ, kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró tó ní ìdérí, bílíìṣì, àti gáàsì. Tí ọmọ kékeré bá wà níbẹ̀, kí wọ́n ra síńkì oníhóró pẹ̀lú. Kí wọ́n má ra abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o! Àjẹsára onígbáméjì jẹ́ èyí tí a ń kán sí ẹnu, ìjọba ló ń fún àdúgbò tí àrùn ti bẹ́, ó sì wọ́n gan-an lágbàáyé débi pé láti oṣù kẹwàá 2022 ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fún ènìyàn dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń tà á kiri, ẹ sá fún un.

Ìtàn aṣọ ìdí ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mú un dání. Aṣọ tí aláìsàn bá yàgbẹ́ tàbí bì sí, ẹ má fọ̀ ọ́ lẹ́bàá kànga. Ẹ fi omi híhó tàbí omi bílíìṣì rẹ ẹ́ níbi tó jìnnà, inú ṣálángá ni kí ẹ da omi rẹ̀ sí. Ní ti ilẹ̀ tí èébì kán sí, tí ara ìgò bílíìṣì bá sọ pé ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ẹ wọn ife bílíìṣì kan sí ife omi mẹ́fà, ẹ dà á sí i, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó nù ún. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ ọṣẹ oníkẹ́míkà mìíràn, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìyá Ìbejì Kétu | Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹfà, 8:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. A ṣèpàdé ilé lónìí, yàrá méjì nìkan ni kò wá.

Ọmọ náà wà láàyè, wọ́n ṣì ń fa dírípù sí i lára. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wá sílé láti mú aṣọ, àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Obìnrin kan ní kó má lo ṣálángá wa mọ́. Ó bú sẹ́kún láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló gbé Kẹ́hìndé fún mi ní ọjọ́ ìkómọ.

Mo dìde mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní tí kò bá lo ṣálángá, ibo ni kó lọ? Sínú gọ́tà? Tó bá di inú gọ́tà, ta ni òjò máa gbé e wá bá? Mo ní tí a bá fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀, ẹni tí ọmọ tirẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ lóru òní kò ní pariwo, á fi pamọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n dákẹ́.

A ti dá owó jọ. Dòrò kan ti wà, a so ó kọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi kan tí a lu ihò sí pẹ̀lú ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣálángá, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá. Lándílọ́ọ̀dù ní òun kò ní owó láti kó ṣálángá kí oṣù tó parí.

Àdùkẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó | 8:52

Ẹ káre! Ẹ kú akin! Ní àdúgbò tiwa wọ́n sá fún ìdílé kan bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì tí àìsàn wọ ilé wọn, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí a fi mọ̀ ni ìsìnkú.

Ẹ pe àwọn wọlé-wọlé ní káńsù yín nítorí lándílọ́ọ̀dù. Wọ́n ní agbára láti fún un ní ìwé. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, wà, 6232, kò gba owó.

Agbẹ́kànga Ìkòròdú | 9:30

Ọ̀rọ̀ Iléyá kù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ ìfun àgbò lẹ́bàá kànga. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń ṣe é nítorí omi wà nítòsí. Kí wọ́n pọn omi kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lápá ibòmíràn. Kí wọ́n sì bo kànga náà pa láti àárọ̀ títí gbogbo ẹ̀jẹ̀ á fi kúrò nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu | Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹfà, 2:50 òru

Táíwò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti yà lẹ́ẹ̀mẹta láti aago kan, omi ni gbogbo rẹ̀. Ó bì lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá | 2:58

Mo wà níbí ma. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ṣe é báyìí. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdajì ife sí ife kan ORS, ní ṣíbí-ṣíbí. Tó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọra mu ún. Ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ fa awọ ikùn rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀: ṣé kíá ló padà? Tó bá ń sunkún, ṣé omijé ń jáde? Ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn?

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìdáhùn mi kí ẹ tó lọ. Ilé tí a ti mọ̀ pé onígbáméjì wà, ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti ya omi lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ìwòsàn ni. Ẹ gbé ìgò ORS dání, ẹ máa fún un lójú ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì Kétu | 3:04

Awọ padà kíá. Omijé wà. Ìyá ọkọ mi ti po omi kí n tó jí gan-an. Oní-Márúwá yàrá kejì ń gbé wa lọ.

Bàbá Ọ̀ṣun | 3:30

Mo jí. Mo ń gbàdúrà.

Ìyá Ìbejì Kétu | 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin tó ń ṣe é. Inú wọ́ọ̀dù ni mo ti ṣe tèmi.

Wọn kò fa dírípù sí i. Dókítà ní omi tó ti mu ló gbà á, pé ọmọ méjì mìíràn tó wọlé ní wákàtí kan náà wá láìmu nǹkankan, àwọn yẹn wà lórí dírípù. Wọ́n ní kí ó máa mu ORS lọ, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀ẹ̀kan, àti síńkì 20mg tí á máa lò lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ti jẹ àkàmù. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń dínkù. Wọ́n ní tí òru òní bá lọ dáadáa, lọ́la a ó padà sílé.

Kẹ́hìndé wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, kò sí nǹkankan lára rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ọkọ mi pe àlejò Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù láàárọ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n má wá. Inú bí àwọn kan. Wọ́n pa àgbò kan, èkejì wà lórí ìso. Ibi tí wọ́n ti fọ ìfun jìnnà sí kànga.

Arẹwà Mushin | 7:15

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ní kí ẹ kó wọn lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ẹ gbọ́ tèmi ni, ojú títì lẹ ó wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Olófio Ẹ̀gbẹ́dá | Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹfà, 10:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òfio lílọ̀ tí wọ́n rọ sínú ike ni mo ń tà, òun ni mo fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́rin. Ìjọba Èkó ti wá sọ pé àwọn fura sí ohun mímu òfio kan tí kò ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò ra tèmi. Inú ń bí mi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ka ti Táíwò, mo bẹ̀rẹ̀ sí bi ara mi léèrè: omi wo ni mo fi ń rẹ òfio mi? Omi tánkì ni. Ike tí mo ń rọ ọ́ sí ńkọ́? Àwọn ọmọ ló ń ṣà wọ́n wá, mo ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Yìnyín tí mo fi ń mú un tutù, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe kí n má ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá | 10:48

Màmá, Ọlọ́run á bù kún yín fún ìbéèrè yìí. Ẹ dáwọ́ dúró fún àkókò yìí ná, mo mọ̀ pé ó nira. Tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀: omi híhó ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, òun náà ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́, nítorí ẹ kì í se òfio lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ̀ ọ́. Ike tuntun ni kí ẹ máa rà, kì í ṣe èyí tí a ṣà. Yìnyín kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, ìta ike ni kí ó wà. Títutù kò pa kòkòrò yìí, inú yìnyín gan-an ló lè wà títí ìgbà tí yìnyín á fi yọ́. Kí ẹ sì wá ìwé àṣẹ NAFDAC.

Olófio Ẹ̀gbẹ́dá | 11:20

Ẹ ṣeun ma. Mo ti da èyí tí mo lọ̀ láàárọ̀ nù. Ẹ̀wà ni màá máa sè ná, gbígbóná ni mo máa máa tà á.

Ìyá Ìbejì Kétu | 4:35

Màmá Olófio, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ìṣọ̀ yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, tí n bá dé apá Ẹ̀gbẹ́dá màá rà nínú ẹ̀wà náà.

Táíwò ń sáré kiri. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti padà wálé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rù, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Àwọn wọlé-wọlé wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n fún lándílọ́ọ̀dù ní ìwé pé ó gbọ́dọ̀ kó ṣálángá náà láàárín ọjọ́ méje. Ní ti kànga, wọ́n ní kí a má fi í se oúnjẹ mọ́. A ṣì ń fi í fọ ilẹ̀. Ìlà èédú mẹ́fà yẹn ṣì wà lára ògiri, ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n nù ún.

Ọmọ Ìkòròdú ní Peckham | 9:10 alẹ́

Màmá mi gba owó náà, wọ́n ti ra gbogbo rẹ̀ àfi síńkì. Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn àárín kànga àti ṣálángá wọn lónìí. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni, ṣálángá sì wà lápá òkè. Agbẹ́kànga, ẹ ní Ìkòròdú lẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi lọ wò ó lọ́la?

Agbẹ́kànga Ìkòròdú | 9:26 alẹ́

Ẹ fi àdúgbò ránṣẹ́ sí mi. Màá dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ ní kí wọ́n má pọn omi níbẹ̀ kí n tó dé.